Ẹ lè jọ wà nílé kan kẹ́ ẹ sì ti pínyà

"Ẹ ṣì ń gbé inú ilé kan náà, ẹ wá ní ẹ ti pínyà? Ta lẹ fẹ́ tàn?" Ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn fún tọkọtaya tí àárín wọn ti dàrú, àmọ́ tí wọn ò kó kúrò nílé nítorí ọmọ. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé àfi kí ẹnì kan kó ẹrù jáde kí kọ́ọ̀tù tó dá wọn lóhùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lẹ ṣe ní Nàìjíríà (ti ìbílẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀), òfin ìtúká ìgbéyàwó ọdún 1970 (Matrimonial Causes Act) ló de yín. Abala 15 rẹ̀ ní bí tọkọtaya bá ti wà lọ́tọ̀ fún ọdún 2 gbáko, tí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ò sì ta kò ó, adájọ́ lè tú wọn ká. Bó bá pé ọdún 3, àtakò ò dí i lọ́wọ́. Abala yẹn kan náà ló ní ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, àyàfi bí wọ́n bá ń bá ara wọn gbé nínú ìdílé kan. Kò dárúkọ òrùlé: ẹ lè jọ wà lábẹ́ òrùlé kan kẹ́ ẹ má jọ ṣe ìdílé kan.

Ibi tó ti wá ń le ni ìkòkò ọbẹ̀. Mo mọ ilé kan tí sílíńdà gáàsì méjì wà ní kíṣìnnì, tí ọmọ ń jíṣẹ́ láti yàrá dé yàrá: "Mọ́mì ní kẹ́ ẹ sanwó iná." Àwọn yẹn ti pínyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òfin wọn nígbà náà ní gbólóhùn kan náà, ẹjọ́ kan wáyé ní 1972: yàrá ọ̀tọ̀, ìyàwó ò fọ aṣọ ọkọ mọ́, nítorí ọmọ nìkan lọkùnrin náà ṣe dúró. Ṣùgbọ́n ìyàwó ló ń dáná, wọ́n sì jọ ń jẹun pẹ̀lú àwọn ọmọ. Adájọ́ ní wọn ò tíì pínyà. (Lójú tèmi, adájọ́ náà le mọ́ bàbá yẹn jù.) Ní 1973, ọkùnrin aláìsàn kan kó lọ sílé tí ìyàwó rẹ̀ àti ọkùnrin mìíràn ń gbé. Ìyàwó ń se oúnjẹ fún un, ó ń fọṣọ rẹ̀, ọkọ tó ń ṣàìsàn náà sì ń san owó ilé. Kọ́ọ̀tù ní wọ́n ti pínyà, torí ayálégbé lásán ni.

Láti oṣù kẹrin 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò béèrè mọ́ bóyá tọkọtaya ti wà lọ́tọ̀. Nàìjíríà ṣì ń béèrè, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ pínyà sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì ya ìkòkò.