Ìdérí Táńkì Epo Péré Ni Mo Fẹ́ Rà!

Ẹ bá mi gbọ́, nítorí inú mi ò tíì rọ̀. Ìdérí táńkì epo mọ́tò, ohun tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ló gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi nínú Adó-Èkìtì yìí, ó sì jẹ owó tó yẹ kí n fi san owó ilé ìwé ọmọ.

Ilé epo kan lọ́nà Ìyìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń yà tí mo bá ń ti Bàsìrì lọ síbi iṣẹ́. Okùn rọ́bà tó so ìdérí yẹn mọ́ ara mọ́tò ti já tipẹ́. Nílé epo mìíràn ni wọ́n ti fà á já bí ẹni ń fa koríko tu. Ọmọbìnrin tó ń ta epo gbé ìdérí lé orí búùtù, ó gba owó, ó juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ, ó ti kọjú sí mọ́tò tó kàn. Kò dé e. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sàn-án, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ ò wẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó lọ." Èmi! Epo tí gbogbo wa ń fi omijé rà látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní 2023, ẹni tí mo kó irú owó bẹ́ẹ̀ fún kò lè na ọwọ́ dé ẹnu táńkì. Kò tiẹ̀ ní kí n má bínú.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni òjò dé. Mo sáré fi ọ̀rá wé ẹnu táńkì kí omi má baà wọnú epo. Òórùn epo gba gbogbo inú mọ́tò, ọmọ mi ń bì lójú ọ̀nà ilé ìwé.

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì lọ. Mo fi fọ́tò hàn án, mo dárúkọ mọ́tò, Corolla 2005, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Mọ́mì, òun gan-an nìyí, ó máa wọlé." 4,500 náírà. Mo délé, mo fi í sẹ́nu táńkì, mo ń yí i. Ó ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Kò dún. Ìdérí tó bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹ bá yí i dé ibi tó yẹ, yóò dún kà, kà, kà, ẹ ó sì mọ̀ pé rọ́bà róbótó abẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹnu táńkì. Èyí kò tiẹ̀ ní rọ́bà tó dára, ó gan bíi páálí. Mo gbé e padà. Ó ní ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà, kí n lọ gé rọ́bà inú táyà sábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà inú táyà! Ohun tí epo yóò mú wú tí yóò sì di jákujàku kí oṣù tó parí.

N kò tíì gbàgbé ìyẹn tí iná pupa rúsúrúsú fi tàn níwájú mi nínú mọ́tò, iná ẹ́ńjìnnì. Àyà mi já. Mo gbé e lọ bá rẹwáyà kan. Kò so ẹ̀rọ kankan mọ́ mọ́tò, ó kàn ní kí n tẹ̀ ẹ́ kí òun gbọ́, ó mi orí, ó ní sẹ́ńsọ̀ ẹnu sálẹ́ńsà ti kú. 35,000 náírà. Mo san án. Iná kú lọ́jọ́ náà, inú mi dùn. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, ó tún tàn.

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ ló gbà mí. Ó mú ẹ̀rọ kékeré kan wá, ó so ó mọ́ abẹ́ sítíárìn, kóòdù P0457 jáde lójú rẹ̀. "Àǹtí, ẹnu táńkì yín ni kò dé o." Ó wá là á yé mi: láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí mọ́tò tuntun ní kọ̀ǹpútà tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, tèmi sì ń ṣọ́ bóyá oru epo ń jò jáde nínú táńkì. Mọ́tò ti ń sọ òtítọ́ látọjọ́ yìí. Èèyàn ló ń parọ́.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ògbólógbòó mọ́tò tà ni mo ti rí ojúlówó rà, 3,000 náírà, pẹ̀lú okùn rẹ̀. Mo fa irin ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀ sókè, ilẹ̀kùn kékeré ṣí, mo ki orí okùn bọ ihò rẹ̀, mo yí ìdérí sápá ọ̀tún. Kà, kà, kà. Kò tó ìṣẹ́jú kan! Iná ò kú lójú ẹsẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí mo ń wà á kí kọ̀ǹpútà tó tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó kú, kò sì tàn mọ́.

Ta ló fi ìbọn sí wọn lórí pé kí wọ́n parọ́? Ẹni tó ń ta páàtì ìbá ní, "Mọ́mì, n ò ní ti mọ́tò yín," ǹ bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rẹwáyà ìbá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ǹ bá gbé e lọ síbòmíràn. Olùkọ́ ni mí. Bí mo bá dúró níwájú ọmọ ogójì tí mo ń purọ́ ohun tí n kò mọ̀ fún wọn, ṣé ilẹ̀ iyì tí à ń pe Èkìtì yìí yóò gbà á lọ́wọ́ mi?

Mo pe rẹwáyà yẹn lánàá. Mo ní kó dá sẹ́ńsọ̀ mi tó yọ padà, nítorí kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní òun ti sọ ọ́ nù. Irọ́ ni. Ó ti tà á fún ẹlòmíràn. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, yóò bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Yálà sẹ́ńsọ̀ mi tàbí 35,000 mi, ó di dandan kí ọ̀kan bá mi délé.