“Ìwọ náà kẹ̀?”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Ibi tí mo bá dé ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí ni wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi. Tí mo bá ti la ẹnu pé àìsàn ìpayà ń bá mi jà, pé ọkàn mi kì í fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, pé oògùn ni mo ń lò sí i, ohun tí mo máa gbọ́ nìyẹn. Ìwọ náà kẹ̀? Ìwọ tó ń sáré bí ẹtu nígbà kan? Àwọn tí mo jù lọ máa ń fi ọ̀wọ̀ kún tiwọn, “Ẹ̀yin náà kẹ̀, mà?” Bákan náà ló ṣe ń dùn mí.

Eléré ìje ni mí tẹ́lẹ̀. Eré 400 mítà ni mo ń sá. Mo sáré fún ìpínlẹ̀ Ogun ní 2006, nígbà tí ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà wáyé lọ́dọ̀ wa níbí. Ní 2009, orúnkún mi kọ̀ jálẹ̀, mo fi pápá sílẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní eré ìdárayá. Ẹni tó bá sá 400 mítà rí mọ̀ pé ní ọgọ́rùn-ún mítà tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ kì í ṣe tẹni mọ́. Itan á máa jó bí iná, ọ̀fun á gbẹ, àyà á máa lù kìkìkì. Kóòṣì mi máa ń pariwo létí pápá pé, “Jẹ́ kó máa lù! Òun ló ń gbé ẹ lọ!” Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni àyà tó ń lù.

Ẹ wá wo ọjọ́ Ojúde Ọba 2018.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú mọ bí ọjọ́ kẹta Iléyá ṣe máa ń rí. Àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun ti wọlé, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ti wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń jó lọ júbà Kábíyèsí. Ó ti pẹ́ tí a ti sanwó aṣọ tiwa. Mo wé gèlè, mo fi iyùn sọ́rùn, mo fi sọ́wọ́. Iwájú pátápátá ni wọ́n fi mí sí, wọ́n ní èmi ni ara mi le jù. A ti ń jó bọ̀, ìbọn àwọn ìdílé Balógun ń dún lẹ́yìn, ẹṣin ń kọ. Àfi bí ìka ọwọ́ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí wìnnìwìnnì bí ìgbà tí èèrà ń gùn ún. Òógùn bò mí. Èémí ń wọlé, kò tó mi. Mo ń rí ẹnu àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń là, n kò gbọ́ orin mọ́. Mo mọ̀ pé mo ń kú lọ, bí mo ṣe mọ orúkọ bàbá mi.

Mo já ìlà sílẹ̀, mo sá gba àárín èrò kọjá. Ẹ̀yìn mọ́tò kan ni ìyálé mi ti rí mi. Mo ti já gèlè sọ nù, mo jókòó sínú eruku nínú aṣọ olówó iyebíye, mo ń gbọ̀n rìrì. Ó di mí mú. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “Ìwọ náà kẹ̀?” Kó tó ogún ìṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ìtìjú ló kù, títí wọ́n fi pín oúnjẹ ẹgbẹ́ tán ni mo wà nínú mọ́tò.

Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ni ọkàn mi lọ bá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ 1989, nígbà tó ṣubú lulẹ̀ ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù. Ilé aládùúgbò wa la ti ń wò ó. Ọmọ ọdún 25 péré, ọkàn rẹ̀ ló kọṣẹ́, kò dìde mọ́. Nínú àwa eléré ìdárayá ìran yẹn, n kò mọ ẹni tí ọjọ́ yẹn kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, àìsàn ọkàn ni mo gbà pé ó ń ṣe mí, ilé ìwòsàn ni mo sì sá lọ. Mi ò kábàámọ̀ ìyẹn o. Ẹni tí àyà bá ń dùn, dókítà ni kó kọ́kọ́ wò ó. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n wo ìfúnpá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ fún mi pé, “Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe yín, mà. Ẹ lọ sinmi.”

Ṣé ẹ mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe rí létí ẹni tó gbà pé òun ń kú? Kò sí nǹkan, àmọ́ mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ṣàgámù mọ́. Kò sí nǹkan, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì kí n lè tètè sá jáde. Màmá mi ní àwọn ayé ló di ẹsẹ̀ mi, pásítọ̀ kan fún mi ní ààwẹ̀ ọjọ́ méje. Mo gbà á. Mi ò bínú sí wọn, ìfẹ́ ló ń ṣe wọ́n.

Òpin ọdún 2019 ni mo tó bá dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀ràn ìrònú àti ọpọlọ pàdé. Ó pe orúkọ ohun tó ń ṣe mí fún mi: panic attack, ìpayà tó ń kọlu ènìyàn lójijì. Ó ní ara ní agogo ìkìlọ̀ tirẹ̀. Bí ejò bá yọ lójú ọ̀nà oko, agogo yẹn á dún, ara á da ohun kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù, èémí á yára, kí ẹsẹ̀ lè rí agbára sá. Ejò kankan kò sí, tèmi ń dún. Mímí tó yára jù ló ń mú kí orí máa fò mí, kí ìka máa rìn mí. Ó ní láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń le dé góńgó, lẹ́yìn náà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bí mo ṣe ohunkóhun tàbí n kò ṣe é.

Ó wá bi mí pé, “Mà, ìgbà wo lẹ sáré kẹ́yìn?”

Mo ronú. Mi ò tíì sáré láti Ojúde Ọba yẹn. Mi ò gun àtẹ̀gùn. Fèrè ni mò ń fọn fún àwọn ọmọ, èmi fúnra mi ò gbé ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tó lè mú àyà mi lù ni mo ti sá fún, láìmọ̀. Ó ní kí n dìde, kí n máa sáré lójú kan níwájú òun fún ìṣẹ́jú kan péré, kí n lè tún mọ̀ pé àyà lè lù kí ènìyàn má kú. Èmi tí mo ti sáré lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò! Mo sunkún kí n tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ilé ni mo ti ń bá a lọ láràárọ̀. Oògùn náà wà níbẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí n tó mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó da tirẹ̀ nù.

Ohun tí mò ń bá yín sọ gan-an nìyí: orúkọ “alágbára” tí ẹ fún wa ló ń dí wa lẹ́nu. Kevin Love, tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n fún Cleveland ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sá kúrò lórí pápá ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá 2017 nígbà tí ìdíje ń lọ lọ́wọ́. Orí ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn ló nà sí, tó ń wá èémí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó di oṣù kẹta 2018 kó tó kọ ọ́ síta. Orí fóònù ni mo ti kà á, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Jesús Navas, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti Sípéènì, ìpayà kò jẹ́ kó lè sùn níbi tó jìnnà sílé nígbà èwe rẹ̀. Òun náà ló wà lórí pápá tí wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé ní 2010.

Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni yóò sọ tirẹ̀? Èébú ni Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta, jẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa. “Àrò ló yẹ ẹ́.” Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí aláìsàn fi ń gbé láàárín ènìyàn ní abúlé, tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń lọ gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Ohun tó yẹ ká fi máa yangàn ni. Òfin tó ń darí ọ̀ràn yìí láti 1958, Lunacy Act lorúkọ rẹ̀, òfin wèrè! Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n tó fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹnu wa kò tíì yí padà.

Ní 2025, ẹgbẹ́ Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà, inú mi dùn dé eegun. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe bíi tiwọn kún orí pápá. Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbéra. Ta ló ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kúrò níbẹ̀? Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí tí mo kúrò, kò sẹ́ni tó pè mí lọ́jọ́ kejì, kò sẹ́ni tó pè mí lọ́dún kejì. Bí ọmọ bá sì sọ fún yín pé àyà òun ń já, ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni.

Níbi ìdíje ilé sí ilé ti ilé ẹ̀kọ́ wa tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó fẹ́ sá 400 mítà fún ilé rẹ̀ kò jáde nígbà tí a pè é. Ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti bá a, ó di àyà mú, ètè rẹ̀ gbẹ. Mo jókòó tì í lórí koríko. Mo ní kó máa mí èémí jáde díẹ̀díẹ̀, kó gùn ju èyí tó ń fà wọlé lọ. A jọ ń ṣe é. Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe é yìí ń ṣe èmi náà, pé ó ṣe mí lójú gbogbo Ìjẹ̀bú.

Ó gbé ojú sókè wò mí. “Ẹ̀yin náà kẹ̀, mà?”

Mo ní, “Èmi náà.”

Ó gbé orí lé mi léjìká. Wọ́n ti fọn fèrè eré 400 mítà láìsí i. A gbọ́ ariwo àwọn ọmọ láti ibi tí a wà, a ò dìde.