Èsì wa fún Mà tó fún wa ní ìràwọ̀ kan nítorí ráútà kékeré

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ti ka ohun tí ẹ kọ. A dúpẹ́.

Ẹ ní bọ́ọ̀dù ráútà (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) tí a tà fún ilé ẹ̀kọ́ yín kò ju abọ́ oúnjẹ ọmọdé lọ, pé kò ní Wi-Fi, kò ní ibi tí èèyàn lè ki skírìnì sí, pé kò tó oṣù mẹ́rin tó fi kú, ẹ sì ní kí aráyé má ra ọjà lọ́wọ́ wa mọ́. Torí aráyé tí ẹ ké sí yẹn ni mo ṣe ń fèsì ní gbangba. Ká ní èmi àti ẹ̀yin nìkan ni, orí fóònù ni à bá ti parí ẹ̀.

Lóòótọ́ kò tóbi. Íǹṣì 6 níbùú, íǹṣì 6 lóròó. APU2 lorúkọ ẹ̀, PC Engines ní Switzerland ló ṣe é. Wọ́n ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ò ní ṣe é mọ́, nítorí náà tòkunbọ̀ ni à ń tà, a sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì yín. Kò ní fáànù tí eruku máa dí. Àpótí irin tó wà nínú ẹ̀ ló ń fa ooru jáde. Iná tó ń jẹ kò ju wọ́ọ̀tì 6 sí 12 lọ, ìyẹn ni ìnfátà yín fi ń gbé e di àárọ̀. Ihò wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta ló wà lára ẹ̀, kálukú dá dúró. Ọ̀kan gba íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, ọ̀kan lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lọ sí ọ́fíìsì, kí ọmọ SS2 má baà rìn gbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí máàkì ìdánwò wà. Raspberry Pi 3, kọ̀ǹpútà kékeré tí ọmọ àbúrò yín kọ́kọ́ fi ṣe é fún yín, ihò wáyà kan ṣoṣo ló ní, ọ̀nà kan náà lòun àti USB sì jọ ń gbà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa pé ìgbà mẹ́ta lẹ ti pààrọ̀ mẹ́mórì káàdì ẹ̀ torí pé iná lọ lójijì. Èyí tí a fi sínú ti wa kì í ṣe mẹ́mórì káàdì, mSATA ni, ìyẹn díìsìkì kékeré tí wọ́n ń kì mọ́ bọ́ọ̀dù.

Ti skírìnì: kò ní in láti ilé iṣẹ́. Wáyà serial la fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn nígbà tí a bá ń fi OPNsense, ètò tó ń sọ ọ́ di ráútà, sí i, tó bá ti dúró tán, orí bíráúsà lèèyàn ti ń darí ẹ̀. Ráútà wo lẹ ti rí rí tó ń ṣe sinimá? Ti Wi-Fi: ẹ̀yin lẹ ní a ò gbọdọ̀ fi sí i, pé àwọn ọmọ á fi fóònù jẹ dátà yín tán. “Láìsí Wi-Fi” wà nínú rìsíìtì náà, ẹ buwọ́ lù ú.

Ó wá ku ikú.

Ọjọ́ 14 oṣù kejì ni ọmọ iṣẹ́ wa gbéra ní Ìbàdàn láago mẹ́fà ìdájí, tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, tó so gbogbo ẹ̀ pọ̀ kó tó jẹun. Ó lẹ bébà pupa mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé FÓLÍTÌ 12 NÌKAN. Láti ọjọ́ yẹn, a ò gbọ́ “fẹ́n” lẹ́nu yín. Àfi ọjọ́ 5 oṣù kẹfà tí ẹ pè pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ẹ ní a ò gbé fóònù. Ọ̀sẹ̀ Iléyá ni, a ti ṣọ́ọ̀bù. Ó yẹ ká pè yín padà lọ́jọ́ kejì, a ò sì pè. Ẹ̀bi wa nìyẹn.

Ọjọ́ 11 ni ọmọ iṣẹ́ yẹn kan náà padà wá. Ṣájà tí a fún yín ò sí lẹ́yìn ráútà mọ́. Ó wá a títí, ó bá a lẹ́nu géètì, ó ń gbé kámẹ́rà yín. Ṣájà láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ki sídìí ráútà. Ẹnu ẹ̀ bá ihò náà mu rẹ́gí, mi ò ní purọ́, ó lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n fólítì 19 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Nígbà tí a ṣí àpótí náà ní ṣọ́ọ̀bù, òórùn ràbà jíjó ló kọ́kọ́ pàdé wa. Gbogbo èyí la ṣàlàyé fún yín lórí WhatsApp, pẹ̀lú fọ́tò. Ẹ wò ó, ẹ ò fèsì. Ọjọ́ kejì la rí ìràwọ̀ kan.

Síbẹ̀ náà, a ò ní torí ìyẹn pa yín tì. Bọ́ọ̀dù mìíràn wà ńlẹ̀, ₦92,500 la máa gbà dípò ₦185,000. Ọrùn wa ni owó ọkọ̀ wà. mSATA yín ò jó, a ti ka inú ẹ̀, gbogbo ètò tí a ṣe sílẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà kò ní ju wákàtí kan lọ tí ilé ẹ̀kọ́ á fi padà sórí ìlà. A ó fi ṣájà fólítì 12 méjì sí i lọ́fẹ̀ẹ́: ọ̀kan fún ráútà, ọ̀kan fún géètì.

Ṣájà láptọ́ọ̀pù yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn ará ọ́fíìsì yín léèrè ẹni tó ni ín. Láptọ́ọ̀pù olúwarẹ̀ á ti kú báyìí.