Gàrí Ìjẹ̀bú kò lè rọ́pò abẹ́rẹ́ àjẹsára

Ohùn kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, pé ẹni tó bá ń mu gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa láràárọ̀ kò nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù mọ́, pé kòkòrò rere inú gàrí á ti ṣe iṣẹ́ náà nínú ìfun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Òótọ́ ni pé kòkòrò àìfojúrí ló ń mú ẹ̀gẹ́ rírin kan, bó ṣe wà nínú àpò lábẹ́ òkúta fún ọjọ́ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dà á sínú agbada gbígbóná, tí wọ́n ń fi igbá yí i, iná á ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kíkan ló kù fún wa (ó sì dùn, àgàgà pẹ̀lú ẹ̀pà).

Ó jọ pé ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2019 ni wọ́n gbọ́ lódì. Wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le ní oògùn apakòkòrò, èyí tó ń pa kòkòrò rere inú ìfun pẹ̀lú, fún ọjọ́ 5, wọ́n sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ fúlúù. Lára àwọn tí ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ fúlúù tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Kòkòrò ìfun ń ran abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ni, kì í gba ipò rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì fúlúù náà ń yí padà, ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ń yẹ èròjà abẹ́rẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ilé ìlera tó sún mọ́ yín, tàbí kí ẹ wo ojú ewé WHO. Ire ni ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́ ń rò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí náà ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti gbọ́ ọ.