Wọ́n ní odò Rhine ku sẹ̀ńtímítà 40? Ẹ má tíì fagi lé ìrìn àjò Màmá

Tí oòrùn bá ti mú díẹ̀ ní Yúróòpù báyìí, ó di kí ó máa yí ká lórí WhatsApp nìyẹn: fọ́tò yanrìn àti òkúta níbi tó yẹ kí odò wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan lábẹ́ rẹ̀ pé odò Rhine ti ku sẹ̀ńtímítà 40 ní ìlú Kaub. Kò ní pẹ́ tí àwọn ọmọ á fi máa pe ara wọn láti Peckham dé Houston. "Ṣé ẹ ti rí i? Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí a sanwó rẹ̀ fún ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Màmá, owó wa ti wọgbó nìyẹn o. Sẹ̀ńtímítà ogójì! Omi tí kò ju orúnkún lọ!"

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe irọ́. Ohun tí ó ń wọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀, títí kan àwọn akọ̀ròyìn kan tó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Kaub jẹ́ ìlú kékeré létí odò Rhine ní Jámánì, láàárín Mainz àti Koblenz, níbi tí òkè ti há odò náà mọ́ àárín lọ́tùn-ún lósì. Nítorí pé ìsàlẹ̀ odò níbẹ̀ jẹ́ àpáta tó yọrí sókè, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ rí ìṣòro tí omi bá fà. Òpó ìwọ̀n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára. Òdo tó wà lára òpó yìí kò sí ní ìsàlẹ̀ odò rárá. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ kàn yan ibì kan ni, wọ́n ní láti ibẹ̀ ni kí a ti máa kà á, kí wọ́n lè máa fi tòní wé tàná. Tí télọ̀ bá wọ̀n yín láti orúnkún lọ sókè tó sì kọ "mítà kan" sínú ìwé rẹ̀, ìwé náà kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní gbà pé mítà kan péré ni ẹ ga.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Wọ́n ṣètò ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà ní Kaub débi pé tí òpó bá kà nǹkan bí 78, omi tó wà níbẹ̀ kò ní dín sí mítà 1.90. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn, ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ńtímítà 112 lé e, ẹ ó mọ bí omi ṣe jìn tó ní ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ogójì ti orí WhatsApp yẹn di mítà kan àbọ̀ ó lé díẹ̀. Kódà nígbà tí Kaub já wálẹ̀ dé 25 ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, tí wọn ò rí irú rẹ̀ rí níbẹ̀, omi ojú ọ̀nà ọkọ̀ ṣì ju mítà kan lọ.

N kò sọ pé kò sí ìṣòro o. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí odò gùn ní mítà 110 tàbí 135, ìdí wọn sì máa ń rì sínú omi tó mítà kan àbọ̀ sí 1.8. Ọ̀gá ọkọ̀ kò sì ní fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ òun máa ha àpáta. Nítorí náà tí Kaub bá dé 40 lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò ní kọjá níbẹ̀. Àmọ́ ariwo inú ìròyìn kì í dúró de 40. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí òpó bá ti wọ nǹkan bí 100, nígbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ṣì ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń ya fọ́tò ilé olódi lórí òkè.

Kí ló fa ariwo náà nígbà yẹn? Ẹrù ni. Odò Rhine ni èédú, epo, irin àti kẹ́míkà ń gbà láti Rotterdam wọ àárín Jámánì, títí dé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá bíi ti Ludwigshafen. Ọkọ̀ ẹrù tó kún bámú lè rì tó mítà mẹ́ta. Tí omi bá fà, ó di dandan kó dín ẹrù kù, nígbà mìíràn dé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó máa ń kó tẹ́lẹ̀, owó ẹrù á sì fò sókè. Nígbà tí oníròyìn bá kọ ọ́ pé "Rhine kò ṣeé gbà mọ́", àwọn oníṣòwò ló ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé, ìdáná àti èèyàn bí 150 ni ọkọ̀ ìgbafẹ́ rù. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé èédú ni àwa ń kà tí a fi ń tú báàgì Màmá palẹ̀.

Àti fọ́tò yẹn náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé ìṣọ́ kan tó wà lórí erékùṣù kékeré ní Bingen, ilé tí àwọn ará Jámánì ń pè ní Mäuseturm. Fọ́tò náà dára, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ etí odò ni ilẹ̀ tó gbẹ yẹn. Òdì kejì erékùṣù ni ọ̀nà ọkọ̀ wà, omi sì wà níbẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò kì í kọjú sí ibi tí omi wà, ta ni yóò fi ìyẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni?

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti jìnnà sí òótọ́ jù lọ ni èyí tí wọ́n ń sọ pé ìjọba máa ń ti odò pa tí omi bá fà. Lórí Rhine, kò sí òfin kankan tó ń ti odò nítorí pé omi kéré. Ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan àti iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń wo ìdí ọkọ̀ wọn, wo òpó, kí wọ́n tó pinnu. Omi tó pọ̀ jù ni òfin ń tìtorí rẹ̀ ti odò. Ní Kaub, tí omi bá ti gun òpó dé mítà 6.40, gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró. Ní Köln, mítà 8.30 ni. Ìyẹn kò gba àríyànjiyàn, bí ọkọ̀ yín tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Kí omi tó dé ibẹ̀ pàápàá, afárá lè ti di ìṣòro, torí pé bí odò ṣe ń ga ni ọkọ̀ ń ga, afárá kò sì kúrò níbi tó wà. Ìdí nìyẹn tí yàrá awakọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí fi ṣeé rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n á sì ní kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé ọkọ̀ kí wọ́n tó gba abẹ́ afárá kọjá.

Ẹ wo ọdún 2024. Ní oṣù kẹfà, ìkún omi bo ìsàlẹ̀ ìlú Passau ní Jámánì, níbi tí odò Inn àti Ilz ti wọ inú Danube, odò ńlá mìíràn tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń gbà, omi sì ga tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lórí òpó ibẹ̀. Ọkọ̀ dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, oṣù tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù pé omi á fà, ìjì tí wọ́n sọ ní Boris da òjò lé Ọ́stríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lórí. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ so mọ́lẹ̀ ní Vienna, àwọn èrò inú wọn ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń wo omi tó ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn ti yan oṣù yẹn torí pé ojú ọjọ́ máa ń dára.

Èyí náà ló sọ ìmọ̀ràn "ẹ lọ nígbà ìrúwé, omi máa ń pọ̀" di ọ̀rọ̀ tí kò dúró sójú kan. Lóòótọ́, àárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá ni Rhine sábà máa ń fà jù, lẹ́yìn tí yìnyín orí òkè Alps ti yọ́ tán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún 2025, òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Jámánì, omi sì fà nígbà ìrúwé gan-an.

Dípò oṣù, odò ni kí ẹ wò, àní apá ibi tí ẹ fẹ́ gbà nínú odò náà. Àwọn odò kan wà tí wọ́n ti fi ìsédò dá omi wọn dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ọkọ̀ ń gba inú lọ́ọ̀kì (yàrá omi tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn) sọ̀ kalẹ̀ láti ìpele kan sí òmíràn: Main, Moselle, Seine, Rhône láti Lyon lọ sí òkun, Douro ní Pọ́túgà. Lórí Douro, lọ́ọ̀kì márùn-ún ló wà, èyí tó wà ní Carrapatelo nìkan sì máa ń gbé ọkọ̀ sókè ní nǹkan bíi mítà 35. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í sábà dá ọkọ̀ dúró lórí irú omi bẹ́ẹ̀. Rhine fúnra rẹ̀ ní ìsédò láti Basel dé Iffezheim. Láti Iffezheim sísàlẹ̀ ni omi ti ń ṣàn bó ṣe wù ú, Kaub sì wà nínú apá yẹn.

Lórí Danube, ibi tí ẹ máa gbọ́ orúkọ rẹ̀ jù ni àárín Straubing àti Vilshofen ní Bavaria, nǹkan bíi kìlómítà 70 tí kò ní ìsédò. Wachau ní Ọ́stríà náà kò ní, bẹ́ẹ̀ ni àárín Vienna àti Bratislava. Nísàlẹ̀, láàárín Bulgaria àti Romania, yanrìn ìsàlẹ̀ odò máa ń ṣí kiri, ibi tó jìn lọ́dún yìí lè má jìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ní Prahovo ní Serbia, àwọn ọkọ̀ ogun Jámánì tí wọ́n rì síbẹ̀ ní 1944 máa ń yọrí síta tí omi bá fà.

Odò Elbe, tó ń ṣàn láti Czech wọ Jámánì, ló le jù nínú gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ Prague sí Berlin lórí omi, kí ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí bọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí: òkúta kan wà nínú odò náà ní Děčín tí wọ́n gbẹ́ ọdún 1616 sí lára, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ èdè Jámánì tó túmọ̀ sí "bí o bá rí mi, máa sunkún".

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an nígbà tí ọkọ̀ kò bá lè kọjá? Kì í sábà di pé wọ́n fagi lé e. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, olórí ètò á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn oúnjẹ, á ní kí kálukú gbé báàgì rẹ̀ síta ẹnu yàrá kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n á kó yín sínú bọ́ọ̀sì, ẹ ó lo wákàtí díẹ̀ lórí títì, ẹ ó sì bá ọkọ̀ mìíràn ti iléeṣẹ́ kan náà lápá kejì ibi tí kò ṣeé kọjá. Iléeṣẹ́ tó bá ní ọkọ̀ tó jọra máa ń fi yín sí yàrá tó ní nọ́ńbà kan náà. Àwọn èrò ọkọ̀ kejì náà ti wọ bọ́ọ̀sì tiwọn, wọ́n ń bọ̀ wá sórí bẹ́ẹ̀dì yín. Iléeṣẹ́ tí kò ní ọkọ̀ púpọ̀ á so ọkọ̀ mọ́ ibì kan, á sọ ọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì, bọ́ọ̀sì á sì máa kó yín lọ kó yín bọ̀ lójoojúmọ́. Lójú tèmi, ibí ni kí ẹni tó ń mú ìyá arúgbó lọ ti ronú dáadáa. Màmá tí orúnkún ń dùn lè fara da ọkọ̀ tó dúró sójú kan ju bọ́ọ̀sì wákàtí mẹ́rin lọ. Ìbéèrè tó sì yẹ kí ẹ bi aṣojú kí ẹ tó san kọ́bọ̀ ni pé: ṣé ẹ ní ọkọ̀ méjì tó jọra lójú ọ̀nà yìí ní ọ̀sẹ̀ kan náà, tí ọ̀kan ń lọ tí èkejì ń bọ̀?

Ní ti owó, ẹ má gbójú lé e pé wọ́n á dá a padà kíákíá. Inú ìwé àdéhùn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí pé àwọn lè yí ètò padà nítorí omi. Ní Britain, òfin ìrìn àjò àpapọ̀ (èyí tí a san owó gbogbo ètò rẹ̀ pọ̀) ti ọdún 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó yín tí wọ́n bá yí ohun pàtàkì padà gidi kí ẹ tó gbéra. Tí ẹ bá ti wà lọ́nà, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n dín iye owó kù. Àmọ́ kí ni "pàtàkì gidi"? Ibẹ̀ ni ìjà máa ń wà, nítorí náà ẹ tọ́jú gbogbo ìwé tí wọ́n bá fún yín lórí ọkọ̀. Ìṣúráǹsì ní tirẹ̀, kí ìròyìn tó jáde ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sì kà á bóyá ó dárúkọ omi odò tó fà tàbí tó kún. Ọ̀pọ̀ kò dárúkọ rẹ̀.

Tí ọjọ́ bá ti súnmọ́, ẹ ṣí ELWIS, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì ti àwọn aláṣẹ ọ̀nà omi Jámánì. Nọ́ńbà òpó Kaub wà níbẹ̀. Fún Danube, ẹ wo òpó Pfelling àti ti Hofkirchen. Ẹ má wo nọ́ńbà òní nìkan, ẹ wò ó bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀, torí pé òjò ọjọ́ díẹ̀ lápá òkè lè yí gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹni tó ń fi páálí Nàìjíríà rìn ní ohun kan sí i láti wò. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ Danube máa ń yà sí Belgrade, Serbia kò sì sí nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí físà kan ń ṣiṣẹ́ fún, nígbà tí Họ́ngárì, Romania àti Bulgaria wà nínú rẹ̀. Tí físà yín bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ ti jáde nìyẹn, ẹ ò ní lè padà wọlé, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni ẹ wà tàbí bọ́ọ̀sì. Ti ìwọlé ọ̀pọ̀ ìgbà ni kí ẹ béèrè fún.