Àfòpiná ni, kì í ṣe labalábá

Nínú ohun tí ẹ kọ nípa kòkòrò tó ń ba ẹ̀wà jẹ́ lóko ní Rẹ́mọ, ibi tí ẹ ti pè é ní “labalábá funfun” kò tọ̀nà o. Àfòpiná ni, orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ni Maruca vitrata, láti ìdílé àfòpiná tí wọ́n ń pè ní Crambidae. Fabricius, onímọ̀ nípa kòkòrò, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1787. Ẹ wo ìwo rẹ̀: tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ni, kò ní kókó lórí bíi ti labalábá. Àwọ̀ ìyẹ́ iwájú dà bí obì gbígbẹ, pẹ̀lú àmì funfun tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ti ẹ̀yìn ló funfun jù, etí rẹ̀ nìkan ló dúdú díẹ̀. Ẹ má fi ìka mú un, lẹ́búlẹ́bú ara ìyẹ́ á bọ́, gbogbo àmì á sì pa rẹ́.

Ẹni tó bá pè é ní Maruca testulalis ò ṣìnà, orúkọ àtijọ́ kòkòrò kan náà ni. Ìdin rẹ̀ gan-an ló ń ṣọṣẹ́: á fi òwú so òdòdó pọ̀, á wá lu èèpo ẹ̀wà tútù wọlé. Tó bá ti wọlé, oògùn ò lè bá a mọ́. Ìgbà tí òdòdó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni kẹ́ ẹ ti fọ́n oògùn.