Nọ́ńbà yín kò ní sọnù bí ẹ bá yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń jà rànyìn lórí WhatsApp wa. Ó ní ẹni tó bá ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn, nọ́ńbà rẹ̀ yóò di ti ẹlòmíràn, owó rẹ̀ yóò sì há sí báńkì. Kì í ṣe òótọ́.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Ọjà Ọba ló fi hàn mí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí fóònù. Nọ́ńbà yẹn ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ mọ̀. Mi ò bá a wí, ta ni ẹ̀rù kò ní bà?

Láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní Nàìjíríà, ti fàyè gbà wá láti yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ká sì mú nọ́ńbà wa dání. Ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹ fẹ́ bọ́ sí ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ti èyí tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀. Wọn yóò fún yín ní síìmù tuntun, ẹ ó sì fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti orí síìmù àtijọ́. Nọ́ńbà kan náà ni, nítorí náà àlẹ́ẹ̀tì báńkì yóò máa wọlé. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lo owó ìpè tó wà lórí síìmù àtijọ́ tán, kò ní bá yín lọ.

Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pe NCC lórí 622.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ti àkọ́kọ́. Fún àwọn ìyá wa tí kò lè kàwé, ẹ fi ohùn yín sọ ọ́.